Ẹ̀rọ orin tí a ń fi ọwọ́ darí nínú afẹ́fẹ́: ohùn rẹ̀ ń fò, kò sì lè sọ̀rọ̀ bíi gángan

ỌmọÌlódè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ń ṣe ẹ̀rọ orin tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Ọwọ́ lásán nínú afẹ́fẹ́ ni a ó fi máa darí ohùn rẹ̀, a sì fẹ́ kó máa fọhùn bíi gángan.

Ohun tó wà nílẹ̀: Arduino Uno kan (kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù), sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 méjì (tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó), ampilifáyà PAM8403 àti sípíkà kékeré 8 Ω. pulseIn() ló ń ka bí ọwọ́ ṣe jìnnà tó, map() ń sọ 5 cm dé 50 cm di 110 Hz dé 440 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), tone() sì ń gbé ohùn jáde.

Ohùn ń fò bí ẹni ń gun àkàsọ̀, kò yọ́ rárá. Bí ọwọ́ bá kúrò níwájú sẹ́ńsọ̀, gbogbo ẹ̀rọ á dá dúró bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó tún dáhùn. Bí a bá so sẹ́ńsọ̀ kejì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á máa ka ìkàkukà. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iná wá, ariwo kan ń hó lábẹ́ ohùn. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Wáyà_Pupa

Àbúrò, ẹ kú akitiyan. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Inú kóòdù ni púpọ̀ nínú ìṣòro yìí wà.

pulseIn() ló fa dídúró yẹn. Bí ẹ kò bá sọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́ fún un, ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko ló máa fi retí ìró tí kò padà wá. Ẹ fún un ní òpin: pulseIn(echo, HIGH, 6000). Ìró ń gba bíi 58 µs (ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ni µs) fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, àlọ àti àbọ̀, nítorí náà 6000 µs ti tó fún ọwọ́ tó wà ní mítà kan. Bó bá dá 0 padà, ẹ má sọ 0 yẹn di ohùn. Ẹ fi ohùn tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kó rọra kú.

Àwọn HC-SR04 kan wà tó jẹ́ pé bí wọn kò bá rí ohun tó dá ìró padà, ẹsẹ̀ ECHO wọn (ibi tí a ti ń ka àbọ̀ ìró) á wà lókè pẹ́ títí, wọn kò sì ní gba àṣẹ tuntun títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọjú sẹ́ńsọ̀ sókè lábẹ́ àjà ilé. Àjà á máa dá ìró padà nígbà tí ọwọ́ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì tán.

Ní ti fífò ohùn, mo mọ̀ pé ẹ ń fi 58 pín ohun tí pulseIn() kà kí ẹ tó lò ó. Ìpín yẹn ń gé ìdá sọnù, ó ń fún yín ní 12, 13, 14. Láti 110 dé 440 Hz lórí 45 cm, 7 Hz ó lé díẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, etí sì ń gbọ́ ọ kedere. Ẹ má sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà rárá. Ẹ lo µs bó ṣe jáde: 290 ni 5 cm, 2900 ni 50 cm. Ìgbésẹ̀ á wá kéré dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lè dé, ìyẹn nǹkan bíi 3 mm.

Ní ti sẹ́ńsọ̀ kejì, àwọn méjèèjì ń ké ní 40 kHz kan náà, kò sì sí èyí tó dá ìró tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Kí ọ̀kan ké, kí ẹ dúró 30 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni ms), kí èkejì tó ké. Ìwé tó bá a wá sọ pé 60 ms, ṣùgbọ́n láàrin 30 ms ìró ti lọ mítà márùn-ún ó sì ti padà; inú yàrá, ó tó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa gba kíkà márùn-ún, kí ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì mú èyí tó bọ́ sí àárín.

Tẹkí_Mayfair

Ẹ̀gbọ́n Wáyà_Pupa, mi ò fara mọ́ ọn. HC-SR04 kò yẹ fún orin. Ọwọ́ kì í ṣe pákó: bí àtẹ́lẹwọ́ bá dagun díẹ̀, ìró á ta sí ẹ̀gbẹ́, sẹ́ńsọ̀ á sì ka àjà dípò ọwọ́. Bí ẹni tó ń lò ó bá wọ aṣọ alápá gbọ̀ọ̀rọ̀, aṣọ rírọ̀ á gbé ìró náà mì.

VL53L0X ni kí wọ́n rà. Ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú kò rí, ti 940 nm, ló ń lò, ó sì lè ka ọwọ́ ní gbogbo 20 ms bí ẹ bá gbé e sí ipò eré sísá. 33 ms ló ń lò bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Méjì ń jà nítorí pé 0x29 ni àdírẹ́sì gbogbo wọn. Ẹ so XSHUT (ẹsẹ̀ tó ń pa sẹ́ńsọ̀ tó sì ń jí i) ìkọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ Arduino tirẹ̀, kí ẹ sọ méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀kan dìde, kí ẹ fún un ní 0x30, kí ẹ tó gbé èkejì dìde. Bí iná bá lọ, ó ti gbàgbé àdírẹ́sì náà nìyẹn, nítorí náà inú setup() ni kóòdù yìí ń gbé. Ẹ rà á ní èyí tó ti wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré tó ní régúlétọ̀, torí 2.8 V ni sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń lò.

Wáyà_Pupa

Òótọ́ ni ti aṣọ, kí wọ́n ká apá ẹ̀wù sókè. Ṣùgbọ́n ẹ gbé VL53L0X yẹn jáde sí àgbàlá ní aago méjì ọ̀sán, kí ẹ wo bí ibi tó lè ríran dé ṣe máa kúrú. Oòrùn ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn nínú lọ́pọ̀lọpọ̀. HC-SR04 kò bìkítà fún oòrùn.

Ẹ má sì sọ pé ìró kò yẹ fún orin. Olórin Michel Waisvisz ní STEIM, ilé ìwádìí ohun èlò orin kan ní Amsterdam nígbà náà, lò ó ní ọdún 1984 nínú ohun èlò rẹ̀ The Hands. Àlàfo àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ìró wọ̀n. Ẹ lè fi HC-SR04 méjì ṣe é. Ẹ so TRIG méjèèjì (ẹsẹ̀ tó ń gba àṣẹ pé kó ké) mọ́ ẹsẹ̀ kan náà kí wọ́n lè ké pọ̀. Ẹ fi fóòmù dí ojú R (tó ń gbọ́) ti àkọ́kọ́, kí ẹ dí ojú T (tó ń ké) ti èkejì, kí ẹ de ọ̀kan mọ́ ọrùn-ọwọ́ òsì, ọ̀kan mọ́ ọ̀tún, kí wọ́n máa kọjú síra. ECHO ti èkejì nìkan ni ẹ ó kà. Àlọ nìkan ni ìró ń lọ nísinsìnyí, kò sí àbọ̀, nítorí náà 29 µs ni sẹ̀ǹtímítà kan. Ọ̀rọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ dagun kò sí mọ́, nítorí kò sí ohun tí ìró fẹ́ ta lára rẹ̀.

Àyàn_Ìlàrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kódà bí ohùn yẹn bá yọ́ bí òróró, kò ní sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni gángan ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọwọ́ òsì ń fún ọṣán kí ohùn lè gòkè tàbí kó sọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní lílù tirẹ̀. Tone() tó ń dún láìdákẹ́ dà bí ẹni tó ń fa ọṣán láì lu ìlù: ohùn wà, ọ̀rọ̀ kò sí. Sẹ́ńsọ̀ kan fún ohùn, ohun mìíràn fún lílù. Ẹ má lo sẹ́ńsọ̀ kejì fún ohùn kejì.

Lílù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, kó sì kú láàrin bíi 250 sí 400 ms. Àárín ìgbà yẹn, ẹ máa ka ọwọ́ òsì lọ. Nígbà tí onílù bá fẹ́ pe "bàbá", kò kàn lu ìsàlẹ̀ kó sì lu òkè. Sílébù kejì ń gbéra láti ìsàlẹ̀ ni, ó sì ń fún ọṣán nígbà tí ìró náà kò tíì kú. Bí ẹ̀rọ yín bá mú ohùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà lílù, kó wá dì í mú, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní irú yíyọ́ yìí ló máa bàjẹ́.

Tẹkí_Mayfair

Ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n pín àyè náà sí mẹ́ta, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, kí ọwọ́ kàn máa bọ́ sínú ọ̀kan? Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣì í.

Àyàn_Ìlàrè

Rárá. Ìlù kò ní ohùn mẹ́ta tí a kàn mọ́lẹ̀. Òkè inú gbólóhùn kan lè sọ̀ kalẹ̀ ju òkè tó ṣáájú rẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ọ ní òkè. Bó bá jẹ́ dandan nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ pín in sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ohùn máa yọ́ láti ọ̀kan sí èkejì fún bíi 60 ms, kí ẹ sì fi 2 cm ààlà sáàárín wọn, kí ọwọ́ tó dúró lórí ààlà má baà máa mú ohùn gbọ̀n.

Ìyá_Kóòdù

Ẹ kú ìjíròrò. Nǹkan díẹ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ohun tí ẹ ti sọ.

Kíkà márùn-ún tí Wáyà_Pupa ní kí wọ́n tò yẹn pọ̀ jù. Bí sẹ́ńsọ̀ méjì bá ń gba ara wọn láàyè ní 30 ms, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kà lẹ́ẹ̀kan ní 60 ms. Èyí tó bọ́ sí àárín nínú márùn-ún ń pẹ́ tó kíkà méjì lẹ́yìn ọwọ́, ìyẹn 120 ms. Ẹni tó ń lu ìlù kò lè fara dà á. Mẹ́ta ti tó láti lé kíkà òdì kan dànù. Bí ẹ bá sì ṣe bí Àyàn ṣe wí, tó fi jẹ́ sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló ń ké fún ohùn, kíkà á máa wá ní gbogbo 30 ms, ìpẹ́ inú títò náà á sì di 30 ms. Èyí ṣe é lò.

map() fúnra rẹ̀ kò tọ́ fún ohùn. Etí kì í ka Hz ní ìṣírò àfikún, ìlọ́po ló ń gbọ́. Lórí ìlà títọ́ yín, ìdajì ohùn (semitone, ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí dùùrù) kan nítòsí 110 Hz jẹ́ bíi 0.9 cm, nítòsí 440 Hz ó jẹ́ bíi 3.4 cm. Ọwọ́ kò lè kọ́ irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí t bá jẹ́ µs tí ẹ kà, tí s jẹ́ iye ìdajì ohùn, tí f sì jẹ́ Hz tí ẹ ó gbé jáde:

s = 12.0 × (2900 − t) / 2610
f = 110 × 2^(s/12)

Ẹ lo float (nọ́ńbà tó ní ìdá). Bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn, ohùn gòkè. Mo fi í sí ọkẹ́táàfù kan (ìlọ́po méjì Hz) dípò méjì, torí ìdajì ohùn kọ̀ọ̀kan á wá ní 3.75 cm, èyí tí ọwọ́ lè rí mú. Bí 110 bá rẹlẹ̀ jù fún sípíkà kékeré, ẹ fi 180 síbẹ̀.

tone() náà gbọ́dọ̀ lọ. Kò mọ bí a ṣe ń dín ìró kù. Ó ń dún tàbí kó dákẹ́, nítorí náà kò lè ṣe lílù tó ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé Mozzi (láíbìrì kóòdù fún ohùn) sí Uno náà. Ẹsẹ̀ 9 ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, 16384 Hz ló ń lò. Ẹ fi ADSR (ètò bí ìró ṣe ń gbéra tó sì ń kú) sí i: ìbẹ̀rẹ̀ 3 ms, kíkú 300 ms, ìdúró 0. Ẹ gbé CONTROL_RATE (iye ìgbà tó ń tún ohùn ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) láti 64 dé 128, torí ní 64 ìgbésẹ̀ kan jẹ́ 15.6 ms, lílù á sì máa pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mozzi kò fẹ́ kí ohunkóhun dá òun dúró, pulseIn() sì ń dá a dúró. Ẹ so ECHO mọ́ ẹsẹ̀ 2, kí ẹ lo attachInterrupt pẹ̀lú CHANGE, tó ń pe kóòdù yín nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá yí. Nígbà tó bá gòkè, ẹ kọ micros() (aago tó ń ka µs) sílẹ̀. Nígbà tó bá sọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú micros() tuntun. Ìyẹn ni t.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo tone() pẹ̀lú láíbìrì NewPing, tó ń ka HC-SR04, lè rí àṣìṣe "__vector_7". Àwọn méjèèjì ń jà sí Timer2, ọ̀kan nínú aago inú Arduino, ni. Ẹ ṣí NewPing.h, kí ẹ sọ TIMER_ENABLED di false.

Bàbá_Rédíò_Ìsọkún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń lé 30 ms kiri. Theremin, ohun èlò orin oníná tí a kì í fọwọ́ kàn, kò ní ìgbésẹ̀, kò sì ní kíkà. Lev Termen ará Rọ́ṣíà ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1920, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1928. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ọsilétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mú iná gbọ̀n) méjì ń gbọ̀n ní ibi tí etí kò lè gbọ́. Ọ̀kan dúró sí 300,000 Hz. Èkejì so mọ́ áńtẹ́nà, ọwọ́ yín tó sún mọ́ áńtẹ́nà ń yí i díẹ̀, bóyá sí 299,560. Ìyàtọ̀ àárín wọn, 440 Hz, ni sípíkà ń gbé jáde. Ọwọ́ ọ̀tún fún ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tó dúró, ọwọ́ òsì lórí òrùka tó dùbúlẹ̀ fún ìdákẹ́ àti ìdún. Ọwọ́ òsì yẹn ni Clara Rockmore, gbajúmọ̀ olórin theremin, fi ń ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹgọ́ fún yín.

Ẹ lo áńtẹ́nà rédíò àtijọ́ tó gùn tó 40 sí 45 cm. Bí ẹ bá fi CD4093 (ṣíìpù kékeré kan) ṣe ọsilétọ̀, ó rọrùn, ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ooru ń yí i. Ẹ tàn án sílẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì fi pòtẹ́ńṣíómítà kan sí i láti fi dá a padà sí òdo. Ti kọ́ìlì òun kàpásítọ̀ ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àìsàn méjì ló ń bá a jà jù. Èkíní: nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀ gan-an, ọsilétọ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra wọn, ohùn á sì parẹ́ lójijì. Ẹ jìnnà wọn síra, ẹ fi kàpásítọ̀ 100 nF sí ẹsẹ̀ iná ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi páànù tó so mọ́ gíráńdì dí àárín wọn. Èkejì: bátìrì nìkan kò tó, ó nílò ilẹ̀. Láìsí wáyà ẹ́ẹ̀tì gidi, ohùn á máa yí bí ènìyàn bá kan kọjá lẹ́yìn olórin. Ẹ kàn án mọ́ ọ̀pá bàbà tí a gbá mọ́ inú ilẹ̀ ní ìta. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ bu omi sídìí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wáyà kankan bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì láti wá ẹ́ẹ̀tì. Ní ilé púpọ̀, ihò yẹn kò so mọ́ ibi kankan, ẹni tó bá sì ṣì í ń fọwọ́ kan iná ni.

Ìyá_Kóòdù

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọ nínú yàrá kan, theremin á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ gbogbo ara tó ń rìn. Tí wọ́n bá ní yàrá tó dá dúró, wọn ì bá ṣe é. Fún gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, mo dúró lórí sẹ́ńsọ̀.

ỌmọÌlódè

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí wa. Ó ti yé wa pé ọwọ́ òsì ni ohùn, ọwọ́ ọ̀tún ni lílù. Kí ni ká fi gba lílù náà? A ní MPU6050 kan nílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń rìn.

Wáyà_Pupa

Ó tó. Ẹ rán an mọ́ ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ tín-ínrín, kí ẹ fún un ní 3.3 V tàbí 5 V bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sí ara, SDA sí A4, SCL sí A5. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ±2 g (g ni òṣùwọ̀n agbára òòfà ilẹ̀) tó bá jí sí, torí lílù gidi ń kọjá ibẹ̀, gbogbo lílù á sì rí bákan náà. Ẹ gbé e sí ±8 g. 4096 ni g kan níbẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti dúró lójijì ni lílù wà, kì í ṣe ibi tó ti gbéra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààlà 2.5 g, ìyẹn 10240, kí ẹ sì pa ojú dé fún 80 ms lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan. Láìsí ìyẹn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n padà á lu méjì. Bí ó bá ń lù nígbà tí olórin kàn ń rìn, ẹ gbé ààlà sí 3 g. Kí agbára lílù pinnu bí ìró ṣe pọ̀ tó.

Àyàn_Ìlàrè

Bí wọ́n bá lè gbà kí ọwọ́ ọ̀tún fara kan nǹkan, páyẹ́sò (tó ń sọ lílù di iná) lábẹ́ pákó kékeré dára ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ tí kò bá ohunkóhun pàdé kò mọ ibi tí lílù parí sí, ìyára rẹ̀ sì máa ń ṣákolo. Rẹsísítọ̀ 1 MΩ láàárín ẹsẹ̀ páyẹ́sò méjèèjì, kí ẹ kà á ní A0. Òsì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

Oníwáyà_Òkèsà

Kò sẹ́ni tó dáhùn ti ariwo.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ń bá ṣájà wá. Ẹ lo páwà báǹkì nígbà eré. Àwọn páwà báǹkì kan ń pa ara wọn bí ohun tí ẹ̀rọ ń fà bá kéré jù, nítorí náà ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ìdákẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú orin. Bó bá ń kú, ẹ so rẹsísítọ̀ 47 Ω tó jẹ́ 1 W mọ́ 5 V, á máa fa bíi 100 mA; ó ń gbóná, ẹ má fi í sún mọ́ ike.

Èkejì, "tíkí-tíkí" tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ń ké. Ẹ jó kàpásítọ̀ 100 µF àti 100 nF mọ́ VCC àti GND ní ìdí HC-SR04 gan-an, kí wáyà GND ti ampilifáyà wá tààrà láti orísun iná, kó má gba ara sẹ́ńsọ̀ kọjá.

Láti ẹsẹ̀ 9: rẹsísítọ̀ 270 Ω, lẹ́yìn rẹ̀ kàpásítọ̀ 100 nF sí GND, èyí á gé ohun tó bá ga ju bíi 5.9 kHz. Lẹ́yìn náà pòtẹ́ńṣíómítà 10 kΩ, nítorí 5 V pọ̀ jù fún ẹnu PAM8403, kí kàpásítọ̀ 1 µF tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe so wáyà odì ti sípíkà mọ́ GND láé. Ẹsẹ̀ sípíkà méjèèjì lórí PAM8403 ló ń gbé iná jáde, á jó.

Tẹkí_Mayfair

Ẹ má gbàgbé ooru o. Ìró ń sáré sí i bí ilé bá gbóná, ohùn á yí.

Ìyá_Kóòdù

Ó ń yí, ṣùgbọ́n ẹ má fi kóòdù lé e. Láti 20 °C sí 32 °C, ọwọ́ tó wà ní 50 cm á rí bí ẹni pé ó wà ní bíi 49. Lórí 3.75 cm fún ìdajì ohùn, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni. Etí olórin á ti gbé ọwọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan.